Súwíìṣì Kékeré Inú Táǹkì Ọ́síjìn

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1970, táǹkì kan kọ̀, kò ṣófo. Ibùdó Kennedy ní ìpínlẹ̀ Florida ni, níbi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń rán ọkọ̀ lọ sí òṣùpá. Ọ́síjìn ló wà nínú táǹkì náà, ọ́síjìn tí wọ́n ti mú tutù títí ó fi di olómi, tí yìnyín inú fìríìjì ilé wa kò tilẹ̀ ní í jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti rọ ọ́ kún láti fi dán ọkọ̀ wò. Ìdánwò ti parí, ó yẹ kí wọ́n tú u jáde. Táǹkì mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí òun náà gba ọ́síjìn. Ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, ìyẹn ti gbọ́ràn, ó ti dín kù dé ìdajì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, nígbà tí èyí ṣì wà ní ìwọ̀n 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó jọ pé páìpù kan nínú rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ wá dá ọgbọ́n kan. Hítà wà nínú táǹkì náà, fáànù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá tan hítà, ara ọ́síjìn olómi náà yóò gbóná, yóò di afẹ́fẹ́, yóò sì wá ibi gbà jáde. Wọ́n tàn án. Wákàtí mẹ́jọ ni hítà náà fi wà ní títàn, táǹkì sì ṣófo nígbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, táǹkì yìí kan náà bá ọkọ̀ Apollo 13 gbéra, ọkùnrin mẹ́ta sì wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún: James Lovell tó jẹ́ ọ̀gá wọn, Jack Swigert àti Fred Haise.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé súwíìṣì kéékèèké méjì ti jóná mọ́ra nínú táǹkì yẹn. Ìtàn àwọn súwíìṣì wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé irú wọn ń bẹ lára ògiri wa àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé wa báyìí, ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Òṣogbo, níbikíbi tí sólà bá ti wọlé dé.

Ká tó lè lóye rẹ̀, ẹ jẹ́ ká tú áyọ́ọ̀nù kan palẹ̀, irú èyí tí a fi ń lọṣọ. Nǹkan méjì ló ṣe kókó nínú rẹ̀: wáyà tó ń gbóná, àti súwíìṣì kékeré kan tó máa ń dá pa ara rẹ̀ nígbà tí ìgbóná bá tó, tí yóò tún dá tan ara rẹ̀ nígbà tó bá tutù. Súwíìṣì yìí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ń pè ní thermostat. Iná tó wọlé láti ògiri yóò gba inú thermostat kọjá, yóò gba inú wáyà tó ń gbóná kọjá, yóò sì padà sí ògiri. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú kankan. Ìsopọ̀ tí ohun gbogbo fi tò tẹ̀lé ara wọn lójú wáyà kan báyìí ni à ń pè ní síríìsì. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ kọ́ nípa iná, òun náà ni wọ́n sì máa ń tètè gbàgbé, nítorí wọ́n rò pé ó rọrùn.

Nínú síríìsì, kọ́rẹ́ǹtì tó bá gba ibì kan kọjá ni yóò gba ibi gbogbo kọjá. Bí ámpíà mẹ́fà bá wọ inú thermostat, ámpíà mẹ́fà ni yóò wọ inú hítà, ámpíà mẹ́fà náà ni yóò sì padà sílé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ẹni tó wà níwájú yóò ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó kan ẹni ẹ̀yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Fóltéèjì ni wọ́n ń pín láàrin ara wọn. Èyí tí ìdènà rẹ̀ bá pọ̀ ni yóò gba púpọ̀, èyí tí ìdènà rẹ̀ kéré yóò gba kékeré, àpapọ̀ ohun tí gbogbo wọn gbà yóò sì dọ́gba pẹ̀lú ohun tí orísun iná mú wá. Ìdí nìyẹn tí òkúta tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòltì 1.5, fi ń di fóòltì 4.5 nígbà tí a bá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Bí ọ̀nà bá sì já níbì kan, ibi yòówù kó jẹ́, gbogbo rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwà yìí ni a ń lò fún súwíìṣì àti fíúsì: a mọ̀ọ́mọ̀ fi ibi tó lè já sójú ọ̀nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ rèé. Ahọ́n irin méjì ló wà nínú súwíìṣì. Nígbà tí ó bá wà ní títàn, ahọ́n méjèèjì fara kanra, ìdènà àárín wọn kò tó nǹkan, nítorí náà ìpín súwíìṣì nínú fóltéèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Bí o bá fi mítà wọn orí rẹ̀, o kò ní í rí nǹkan kan. Èyí ló ń mú kí àwọn ènìyàn gbà pé fóltéèjì kò kan súwíìṣì, pé kọ́rẹ́ǹtì nìkan ni ká máa wò bí a bá fẹ́ rà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá pa, tí ahọ́n méjèèjì yà kúrò lára ara wọn, ìdènà rẹ̀ a di èyí tó ju ti gbogbo ohun yòókù lójú ọ̀nà lọ, gbogbo fóltéèjì orísun a sì já lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dà bí ọmọ ilé tí wọn kò fún ní nǹkan kan nínú ogún, tí gbogbo gbèsè ilé wá wó lé lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Bí ahọ́n irin méjèèjì bá ṣe ń yà, iná a fo àlàfo kékeré àárín wọn. Ó ń ta yanran ni, ìgbóná rẹ̀ sì pọ̀ débi tó lè yọ́ irin. Bí fóltéèjì bá mọ níwọ̀n, yanran yẹn a kú ní kíá, súwíìṣì a sì pa dáadáa. Bí fóltéèjì bá ju ohun tí wọ́n ṣe súwíìṣì fún lọ, yanran a dúró, irin a yọ́, ahọ́n méjèèjì a sì lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ìgbà tí wẹ́dà bá jó irin pọ̀. Láti ìgbà náà lọ, súwíìṣì yẹn kò lè pa mọ́ láéláé.

Ọ̀rọ̀ iná AC àti iná DC wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Iná NEPA jẹ́ AC: ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì ń kọjá lójú òdo ní ìgbà 100 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí yanran bá ta nínú súwíìṣì, dídé òdo yẹn a máa pa á. Iná DC, irú ti bátìrì àti ti sólà, kì í dé òdo. Ọ̀nà kan ló ń lọ láìsinmi, yanran rẹ̀ sì le láti pa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí ríléè kékeré kan, súwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn, tí wọ́n kọ fóòltì 250 AC sí lára, tí wọ́n sì kọ fóòltì 30 péré sí i fún DC. Ohun kan náà ni, irin kan náà ni, iná tó gba inú rẹ̀ kọjá ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Amẹ́ríkà. Ní 1962, nígbà tí wọ́n kọ ìlànà táǹkì ọ́síjìn náà sílẹ̀, fóòltì 28 DC ni wọ́n ní kí hítà àti thermostat inú rẹ̀ máa lò, nítorí iye tí iná inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń mú wá nìyẹn. Ilé iṣẹ́ North American ló ń kan ọkọ̀. Beech Aircraft ní ìlú Boulder ló gba iṣẹ́ táǹkì ṣe lọ́wọ́ wọn. Ní 1965, North American yí ìlànà padà. Ní ibùdó Kennedy, kí ọkọ̀ tó gbéra, wọ́n fẹ́ kí ìfúnpá inú táǹkì tètè ga, nítorí náà wọ́n ní kí hítà lè gba fóòltì 65 láti ara ẹ̀rọ orí ilẹ̀. Wọ́n ṣètò hítà fún fóòltì 65. Wọn kò yí thermostat padà. Ti 28 ló ṣì wà níbẹ̀. Ìwé náà gba ọwọ́ Beech kọjá, ó gba ọwọ́ North American kọjá, ó gba ọwọ́ NASA, àjọ tó ni ọkọ̀, kọjá, kò sí ẹni tó rí i.

Ẹ ro ohun tí ìyípadà yẹn ṣe. Georg Ohm, ọmọ Jámánì, ti tẹ òfin tó dè é jáde ní 1827: bí ìdènà kò bá yí padà, bí fóltéèjì bá ṣe gòkè ni kọ́rẹ́ǹtì yóò ṣe gòkè. Láti 28 sí 65 ju ìlọ́po méjì lọ. Kọ́rẹ́ǹtì inú hítà náà ju ìlọ́po méjì lọ, ó di nǹkan bí ámpíà mẹ́fà. Ìgbóná tó ń jáde, tí í ṣe fóltéèjì lọ́nà kọ́rẹ́ǹtì, wá ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Nítorí pé síríìsì ni, gbogbo ámpíà mẹ́fà náà ń gba inú thermostat kọjá. Ẹni tó yí fóltéèjì padà rò pé hítà nìkan ni òun ń bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bá gbogbo ohun tó wà lójú wáyà yẹn sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló dé tí àwọn ọkọ̀ Apollo tó ti lọ ṣáájú kò fi rí ìjàǹbá, nígbà tó jẹ́ pé irú thermostat kan náà ni wọ́n gbé lọ? Ìdáhùn rẹ̀ ló yẹ kó bà wá lẹ́rù jù. Ìgbà tí inú táǹkì bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 27 Celsius ni thermostat yẹn tó gbọ́dọ̀ pa. Lójú ọ̀run, inú táǹkì ọ́síjìn olómi kì í gbóná dé ibẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń lò wọ́n, kò sí ohun tó mú kí àwọn thermostat náà pa nígbà tí fóòltì 65 ń gba inú wọn kọjá. Títàn ni wọ́n wà ṣáá, títàn kò sì ṣòro fún súwíìṣì. Lílọ àti bíbọ̀ gbogbo ọkọ̀ tó ṣáájú kò jẹ́rìí sí ohunkóhun.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta yẹn, bí táǹkì ṣe ń ṣófo, ìgbóná gòkè, ó dé ibi tí àwọn thermostat ti gbọ́dọ̀ pa. Wọ́n gbìyànjú láti pa. Fóòltì 65 DC já lé wọn lórí, yanran ta, irin yọ́, ahọ́n wọn lẹ̀ pọ̀. Hítà ń bá iṣẹ́ lọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé àwọn ibì kan lára páìpù hítà yẹn ti lè gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 538 Celsius. Wáyà fáànù gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, Teflon, irú ike kan, ni wọ́n sì fi bo wáyà náà lára. Teflon kò lè fara da irú ìgbóná bẹ́ẹ̀. Ó gbẹ, ó sán, ó ń já kúrò lára wáyà. Báyìí ni wáyà fáànù ṣe wà ní ìhòòhò nínú táǹkì tí wọn yóò tún rọ ọ́síjìn kún.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé ẹ̀rí wà níwájú wọn. Gèéjì tó ń sọ ìgbóná inú táǹkì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é láti ka ohun tó tó ìwọ̀n 30 Celsius, torí kò sí ẹni tó retí pé ìgbóná yóò kọjá ibi tí thermostat ti ń pa. Ó gòkè dé òpin rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá wò ó yóò sọ pé ara táǹkì yá. Mítà kan tún wà lára pátákó tí wọ́n ti ń darí hítà, tó ń ka kọ́rẹ́ǹtì. Níbi mítà yẹn ni ìmọ̀ síríìsì ìbá ti gba gbogbo wọn là. Kọ́rẹ́ǹtì kan náà ló ń gba ibi gbogbo kọjá; ẹni tó bá ń wò ó níbì kan, gbogbo ọ̀nà ló ń wò. Bí thermostat bá ti pa nínú táǹkì tí ojú ènìyàn kò tó, ọwọ́ mítà yẹn ìbá ti já wálẹ̀. Kò já. Fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ọwọ́ mítà náà ń sọ fún wọn pé iná ṣì ń lọ, pé thermostat, ẹ̀ṣọ́ inú táǹkì, kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kó máa wò ó fún ìdí bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ṣe ìwádìí sọ ọ́ gbangba nínú ìròyìn rẹ̀ pé wíwo kọ́rẹ́ǹtì hítà nìkan ìbá ti tú àṣírí súwíìṣì tó lẹ̀ pọ̀.

Wọ́n jíròrò lórí táǹkì náà kí ọkọ̀ tó gbéra. Láti yọ ọ́ kí wọ́n sì fi òmíràn sí i yóò gbà tó wákàtí 45 ó kéré tán, wọ́n sì lè ba nǹkan mìíràn jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ ọ́. Wọ́n fi í sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó jókòó sí ìjíròrò yẹn kò mọ̀ pé hítà ti wà ní títàn fún àkókò tó gùn tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó sì mọ̀ kò rò ó pé ìgbóná lè ti ba ohunkóhun jẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, ọkọ̀ ti jìnnà tó nǹkan bí 320,000 kìlómítà sí ilé ayé. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti Houston ní kí Swigert tan fáànù inú àwọn táǹkì láti ro ohun inú wọn pọ̀. Ó tàn án. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ lẹ́yìn náà tí ìró ńlá fi dún. Wáyà tó wà ní ìhòòhò ti ta yanran, Teflon ti gbiná nínú ọ́síjìn, táǹkì ti bẹ́. Ó gbé odindi ìbòrí kan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì ba táǹkì kejì jẹ́, ọ́síjìn ìyẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò dànù sí ojú òfuurufú.

Ọ́síjìn yẹn ni wọ́n ń mí, òun náà ni wọ́n fi ń mú iná wá. Ẹ̀rọ iná mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀, sẹ́ẹ̀lì 31 ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n tò ní síríìsì kí àpapọ̀ wọn lè tó bí fóòltì 28. Láìsí ọ́síjìn, méjì kú kíákíá, ẹ̀kẹta kú lẹ́yìn wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sá bọ́ sínú Aquarius, ọkọ̀ kékeré tí méjì nínú wọn ìbá gbé balẹ̀ sórí òṣùpá. Nínú òtútù, pẹ̀lú omi tí kò tó àti iná tí wọ́n ń ṣún lò, wọ́n yí ẹ̀yìn òṣùpá po, wọ́n sì padà wálé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, wọ́n já sínú òkun Pàsífíìkì nítòsí erékùṣù Samoa, láàyè. Ayé gbọ́ ìtàn ìgbàlà wọn, wọ́n sì fi ṣe sinimá. Ìtàn thermostat ni kò tàn tó bó ṣe yẹ.

Edgar Cortright ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà. Neil Armstrong, ẹni tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, wà lára wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni ìròyìn wọn jáde. Wọ́n mú irú thermostat yẹn, wọ́n fi fóòltì 65 sí i, wọ́n sì rí i pé ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ nígbà tó fẹ́ pa. Kí Apollo 14 tó gbéra ní oṣù Kìíní 1971, wọ́n ti yọ fáànù àti thermostat kúrò nínú táǹkì, wọ́n ti fi irin bo wáyà inú rẹ̀, wọ́n sì ti fi táǹkì kẹta sí ibi tó jìnnà sí méjì ìyókù. Àwọn àgbà wa ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Mo sọ pé irú súwíìṣì wọ̀nyí wà nílé wa. Ẹ wo sólà. Inú pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, síríìsì ni: sẹ́ẹ̀lì 72 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú bí fóòltì 0.6 wá, tí àpapọ̀ wọn fi ń sún mọ́ 43. Nígbà tí sólà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, pánẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì ni ènìyàn ń gbé sórí ilé, fóltéèjì rẹ̀ kò sì pọ̀. Báyìí, ínfátà ńláńlá ti dé, àwọn oníṣẹ́ iná sì ń to pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tẹ̀lé ara wọn kí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbé agbára púpọ̀. Ọgbọ́n gidi ni. Bí fóltéèjì bá ga, kọ́rẹ́ǹtì tí a nílò a dín kù, wáyà kò sì ní í gbóná púpọ̀. Ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ ní síríìsì ju fóòltì 340 lọ, DC sì ni. Ẹ wá wo bréékà tí wọ́n fi sáàárín rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bréékà AC lásán ni, irú èyí tí a fi ń pa iná NEPA, nítorí pé owó rẹ̀ kéré tàbí nítorí pé òun ló wà nílẹ̀ látijọ́ tí pánẹ́ẹ̀lì ṣì jẹ́ méjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1965 nìyẹn gẹ́lẹ́. Wọ́n gbé fóltéèjì ga, wọ́n yí ohun tó ń lo agbára padà, wọ́n gbàgbé ẹ̀ṣọ́. Bréékà náà yóò máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ láìsí wàhálà, torí títàn ló wà. Onílé yóò máa yin oníṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ohun kan bá bàjẹ́, tí bréékà gbọ́dọ̀ pa, ni ọgọ́rùn-ún mẹ́ta fóòltì DC yóò já lé e lórí, yanran rẹ̀ kò sì ní í kú. Ike rẹ̀ yóò gbiná lára ògiri. Àwọn bréékà DC kan tilẹ̀ wà tí wọ́n kọ àmì àfikún àti àyọkúrò sí lára. Bí wọ́n bá so wọ́n sódì, wọ́n lè má lè pa yanran náà. Nítorí èyí kan náà ni a kò fi gbọ́dọ̀ fa ẹnu wáyà sólà tu nígbà tí oòrùn wà lójú rẹ̀ tí iná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Bátìrì ínfátà náà ní tirẹ̀. Mẹ́rin tó jẹ́ fóòltì 12 ní síríìsì, ó di 48. Bí ọ̀kan bá kú, a máa ń ra ọ̀kan tuntun sáàárín mẹ́ta tó ti gbó. Kọ́rẹ́ǹtì kan náà ni yóò máa gba inú gbogbo wọn kọjá, yálà wọ́n lágbára tàbí wọn kò lágbára. Nígbà tí a bá ń gba iná sí wọn, èyí tí agbára rẹ̀ ti kéré jù a tètè kún, fóltéèjì rẹ̀ a sì máa gòkè nígbà tí àwọn yòókù kò tíì kún. Ẹ̀rọ tó ń gba iná sí wọn kò mọ̀. Àpapọ̀ ló ń kà. Ó rí 56, ó rò pé 14 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Ó sì lè jẹ́ pé mẹ́ta wà ní 13.3, tí ọ̀kan ti dé 16.1, tó ń hó, tó ń tú gáàsì jáde tó lè gbiná. Àpapọ̀ dára, ọ̀kan ń kú lọ nínú rẹ̀. Mítà kékeré tí kò wọ́n, tí ẹ bá fi wọn bátìrì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò sọ òtítọ́ fún yín.

Ti fíúsì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó yọ fíúsì tó jó, tó fi wáyà tó nípọn dí ibẹ̀, ti yọ ibi tí ó yẹ kó já kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀nà yóò já níbòmíràn, inú àjà ilé sì lè jẹ́ ibẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ iná lọ́wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀gá yín fi yín sílẹ̀ lórí àpapọ̀ fóltéèjì nìkan. Ẹ mú ìwé, ẹ ya ọ̀nà iná láti ibẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà náà tẹ̀lé ara wọn, títí kan súwíìṣì, títí kan ẹnu wáyà, kí ẹ sì kọ fóltéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì tí wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti AC lọ́tọ̀, ti DC lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ tí nǹkan kan bá yí padà lára orísun, kí ẹ padà sórí ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá sì lówó rẹ̀, ẹ ra mítà tó ń fi ẹnu há wáyà, irú èyí tó lè ka DC. Wọ́n ń tà á ní ọjà Alaba ní Èkó. Ẹ fi wo kọ́rẹ́ǹtì nígbà tí súwíìṣì wà ní títàn, kí ẹ tún wò ó nígbà tó bá ti pa. Bí kò bá já sí òdo, ẹ̀ṣọ́ yín kò pa nìyẹn, ohun yòówù kí ojú rẹ̀ máa fi hàn.

Ẹ̀yin onílé, ẹ bi oníṣẹ́ iná yín kí ó tó gun òrùlé: fóltéèjì mélòó ni àpapọ̀ pánẹ́ẹ̀lì yìí yóò jẹ́, fóltéèjì DC mélòó ni wọ́n sì kọ sára bréékà tó wà lọ́wọ́ rẹ? Bí kò bá lè fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín, ẹ má jẹ́ kí ó so ó.